Bí ẹ ṣe lè ṣe ilẹ̀ àti wágọ́ọ̀nù rélùwéè kékeré tó jọ ti Èkó, tí ọ̀rinrin kò ní bà jẹ́

Rélùwéè kékeré ni àwòkọ ọkọ̀ ojú irin gidi tí a ń tò sórí pákó fún ìgbádùn. Ìbéèrè tó ń wọlé jù lọ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é nìyí: "Mo ti ra ojú irin kékeré, mo ti ra ẹ́ńjìnnì, báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kí ilẹ̀ àti wágọ́ọ̀nù rẹ̀ jọ ti Èkó?" Èyí tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni: "Kí ló dé tí èyí tí mo ṣe fi hu èéhù?" Ọ̀nà kan náà la ó gbà dáhùn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìwé àti fídíò tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí, ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti wá. Koríko tútù yọ̀yọ̀ àti òkúta aláwọ̀ eérú ni wọ́n mọ̀. Ilẹ̀ tiwa pọ́n, tàbí kó jẹ́ iyanrìn, afẹ́fẹ́ wa sì lọ́rinrin fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Nítorí náà, àwọ̀ la ó kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà la ó dí gbogbo ibi tí ọ̀rinrin lè gbà wọlé.

Iṣẹ́ tí a ó ṣe níbí kò tóbi: pákó kan tó jẹ́ 60 cm × 30 cm, ojú irin kan ṣoṣo, ìsọ̀ onípáànù kan, gọ́tà kan, igi méjì, àti wágọ́ọ̀nù kan. Ẹ má fi tábìlì ńlá bẹ̀rẹ̀. Pákó tó ṣeé gbé sórí wọ́dúróòbù lẹ máa parí.

Ẹ kọ́kọ́ yan ìwọ̀n

Ojú irin oríṣi méjì ló wà ní Èkó, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó náwó. Ti àtijọ́, tó ti Ìdó gba Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà kọjá lọ sí Agége àti òkè, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1067 mm. Ti tuntun tó lọ sí Ìbàdàn, àti ti Red Line àti Blue Line tó ń ná inú ìlú Èkó, 1435 mm ni.

- Ẹ fẹ́ ṣe Red Line, Blue Line tàbí ti Ìbàdàn tuntun: ẹ lo HO, ìyẹn 1:87 (ohun gidi tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 87), lórí ojú irin 16.5 mm. 1435 ÷ 87 = 16.5, ó bára mu géérégé.
- Ẹ fẹ́ ṣe ti àtijọ́ ní 1:87: ojú irin 12 mm tí wọ́n ń pè ní HOm ló sún mọ́ ọn jù (1067 ÷ 87 = 12.3).
- Ẹ fẹ́ ṣe ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ojú irin 16.5 mm lẹ ti rà: ẹ ṣe ilé, èèyàn àti wágọ́ọ̀nù ní 1:64 (1067 ÷ 64 = 16.7). Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi páálí tàbí ike kan ara wágọ́ọ̀nù, torí ti HO á kéré jù.
- Yàrá kan ṣoṣo lẹ ní: N, 1:160, ojú irin 9 mm. Àyè á gbà á, àmọ́ ojú á ṣiṣẹ́ gan-an nígbà tí ẹ bá ń kun ọ̀dà.

Ẹ ṣọ́ra fún OO, ìyẹn 1:76. Orí 16.5 mm náà ló ń rìn, wọ́n sì máa ń tà á pọ̀ mọ́ HO láìsọ fún yín. Èèyàn OO fi nǹkan bí ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti HO lọ, nítorí náà tí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ yìí, 1:87 ni.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Pílàìwúùdù 12 mm, 60 cm × 30 cm
- Fóòmù funfun líle tó ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n tàbí fíríìjì
- Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà (Top Bond tàbí irú rẹ̀), lítà 1
- Ọ̀dà olóòróró tàbí sanding sealer, agolo kékeré 1
- Stone dust, agolo mílíìkì 2, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù
- Yẹ̀pẹ̀ pupa, abọ́ 1
- Èékù fóòmù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga, àti èékù àpò kòkó
- Wáyà iná 2.5 mm² tó ní ẹ̀ka 7 nínú, àti wáyà tí àwọn onírin fi ń dì
- Sírínjì 10 ml àti spirit, lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì
- Ọ̀dà acrylic: funfun, dúdú, búráùn tó ṣú, yellow ochre, pupa bíríkì, àwọ̀ ewé, ọsàn
- Páálí 1 mm. Ṣómólú, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, ni ẹ ti máa rí èékù tó dáa ní owó pọ́ọ́kú
- Asẹ́ tíì, aṣọ asẹ́ ògì, òòfà láti inú sípíkà tó ti bàjẹ́

1. Pákó: ẹ dí i kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn

1. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan igi 2 cm × 4 cm yí abẹ́ pílàìwúùdù náà ká. Igi yìí ni kò ní jẹ́ kó wọ́.
2. Ẹ fi sáńpépà ha ojú, ẹ̀yìn àti etí.
3. Ẹ kun ọ̀dà olóòróró tàbí sealer sí ojú àti ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ kun etí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, torí etí ni pílàìwúùdù ti ń mu omi jù. Tí ẹ bá kun ojú nìkan, ẹ̀yìn á máa fa ọ̀rinrin, pákó á sì tẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́.
4. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.
5. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ fóòmù líle tó nípọn tó 2 cm sórí rẹ̀, kí ẹ gbé ìwé tó wúwo lé e mọ́jú.
6. Ẹ gbẹ́ ibi tí gọ́tà máa gbà, kí ẹ sì gé etí ilẹ̀ kó má tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ tó tẹ́jú bíi tábìlì kò sí lẹ́bàá ojú irin kankan.

Ìkìlọ̀: gọ́ọ̀mù Evo-Stik, ọ̀dà sípúréè, tínà àti epo bẹntiróòlù máa ń jẹ fóòmù funfun. Á yọ́ lójú yín. Gọ́ọ̀mù olómi àti ọ̀dà olómi nìkan ni kó kan án.

Ìkìlọ̀ kejì: ẹ má fi ìyẹ̀fun tàbí sítáàṣì se lẹ́ẹ̀ láti fi ṣe òkè. Oúnjẹ ni fún eku, aáyán àti èèrà, ibẹ̀ sì ni èéhù ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ kò bá rí fóòmù líle, ẹ lẹ páálí ńlá ní ipele-ipele, kí ìlà inú ọ̀kan dábùú ìlà inú èkejì. Ẹ fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo etí rẹ̀, torí aáyán máa ń yé ẹyin sínú ihò páálí.

2. Ilẹ̀

Yẹ̀pẹ̀ gidi ló dáa jù. Kò sí ọ̀dà kankan tó máa fún yín ní pupa yẹn gẹ́lẹ́.

1. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ láti ibi gbígbẹ, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ gọ́tà.
2. Ẹ yan án nínú ìkòkò àtijọ́ fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ máa rò ó. Ẹyin kòkòrò àti hóró koríko tó wà nínú rẹ̀ á kú. Ẹni tó bá fo ìpele yìí á rí koríko gidi tó hù lórí pákó rẹ̀.
3. Ẹ gún un, kí ẹ fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ asẹ́ ògì sẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú lẹ́búlẹ́bú tó gba inú aṣọ kọjá sínú ike tó ní ìdérí. Wágọ́ọ̀nù la máa fi í ṣe.
4. Ẹ fi ọ̀dà emulsion tí ẹ po búráùn mọ́ kun fóòmù. Funfun kankan kò gbọdọ̀ hàn.
5. Ẹ po gọ́ọ̀mù 1 mọ́ omi 1, ẹ kùn ún, kí ẹ fi asẹ́ tíì gbọn yẹ̀pẹ̀ sórí rẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èyí tí kò lẹ̀ kúrò.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí. Ẹ wo ilẹ̀ lẹ́bàá ojú irin láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà sí Múṣìn: ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, abẹ́ páànù ìsọ̀ ṣú, ibi tí epo ti kán sí dúdú. Ẹ fi ìpín 5 yẹ̀pẹ̀ pupa, ìpín 3 iyanrìn àti ìpín 2 eérú tàbí èédú lílọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa yí i padà láti ibì kan dé ibòmíràn. Tó bá jẹ́ apá Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Marina lẹ ń ṣe, ẹ dín pupa kù, kí iyanrìn àti àwọ̀ kọnkéré pọ̀.

Yẹ̀pẹ̀ máa ń ṣú sí i tí gọ́ọ̀mù bá ti mu ún. Nítorí náà, ẹ dán an wò lórí èékù páálí, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Gílóòbù kì í sọ òótọ́ nípa àwọ̀.

Tó bá jẹ́ iyanrìn etí òkun lẹ fẹ́ lò, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Iyọ̀ inú rẹ̀ á máa fa ọ̀rinrin wá, á sì jẹ irin.

3. Òkúta abẹ́ ojú irin

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ pé ẹnì kan fo ìpele kan ni. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà yìí.

1. Ẹ kun ẹ̀gbẹ́ irin méjèèjì ní búráùn kí ẹ tó da òkúta kankan. Ẹ nu orí irin kí ọ̀dà tó gbẹ.
2. Ẹ fi náílọ̀n wé òòfà, kí ẹ fi rò inú stone dust náà. Ẹ ó rí irin wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ náílọ̀n. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ tún un ṣe títí kò fi ní sí mọ́. Irin wẹ́wẹ́ yìí ni mọ́tò ẹ́ńjìnnì máa ń fà mọ́ra tí yóò fi há.
3. Ẹ sẹ́ ẹ. Òkúta gidi abẹ́ irin wà láàárín 30 mm sí 60 mm. Ẹ pín in sí 87, ó di 0.35 mm sí 0.7 mm. Èyí tó bá gba asẹ́ tíì kọjá àmọ́ tí kò gba aṣọ asẹ́ ògì kọjá lẹ máa lò.
4. Ẹ ká páálí bíi fánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ da òkúta sí àárín irin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ́ ẹ. Orí àwọn igi abẹ́ irin gbọ́dọ̀ hàn, òkúta kankan kò gbọdọ̀ wà lórí wọn.
5. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí lu orí irin jẹ́jẹ́ kí hóró tó kù jábọ́.
6. Ẹ fọ́n spirit sí i láti òkè, kó rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fọ́n ọn láti ẹ̀gbẹ́, òkúta á fò.
7. Ẹ po gọ́ọ̀mù 1 mọ́ omi 3. Nínú 100 ml rẹ̀, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i, ẹ̀kán 2 tàbí 3. Ẹ fi sírínjì kán an sí àárín, lẹ́yìn náà sí ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kó wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá dúró lórí òkúta ní róbótó-róbótó, spirit ò tíì tó, ẹ fọ́n sí i.
8. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Nígbà òjò, 48. Ẹ má fọwọ́ kàn án láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ.
9. Ẹ fi aṣọ àti spirit nu orí irin. Ẹ má fi sáńpépà ha á, torí ojú tó ha ló ń kó ìdọ̀tí jù.

Níbi tí ojú irin ti yà, ẹ má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dé ibi tó ń yí. Ẹ fọ́n òkúta díẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì máa yí i sọ́tùn-ún sósì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi máa gbẹ.

Tó bá jẹ́ ojú irin àtijọ́ lẹ ń ṣe, ẹ po iyanrìn ìdá kan mọ́ òkúta ìdá méjì, kí ẹ sì jẹ́ kí koríko yọ láàárín rẹ̀ níbi méjì tàbí mẹ́ta. Òkúta tuntun tó mọ́ fínnífínní, ti ọ̀nà Ìbàdàn tuntun nìyẹn.

4. Igi àti koríko

Ẹ lo igi tó wà nílé wa: àgbọn, furúùtù, máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Igi tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, ti ilẹ̀ òtútù ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì wọ́n.

*Ewé*

Ẹ gé èékù fóòmù sí 1 cm, ẹ dà á sínú bílẹ́ńdà pẹ̀lú omi, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di wẹ́wẹ́. Láìsí omi, fóòmù á wé mọ́ abẹ bílẹ́ńdà, mọ́tò á sì jó. Bílẹ́ńdà yẹn kò gbọdọ̀ tún lọ ata mọ́. Ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ po ọ̀dà mọ́ ọn: àwọ̀ ewé 4, yellow ochre 2, búráùn 1. Àwọ̀ ewé tó ti inú ike wá láìpò mọ́ nǹkan máa ń tàn jù, òun ló sì ń sọ iṣẹ́ rere di ohun ìṣeré. Ẹ sá a sí abẹ́ òjìji.

*Furúùtù*

1. Ẹ bó ara wáyà iná 2 tó gùn tó 12 cm. Ẹ ó rí ẹ̀ka 14. Ẹ lọ́ wọn pọ̀ láti ìsàlẹ̀.
2. Tó bá ga tó 4 cm, ẹ tẹ ẹ̀ka 5 síta. Ẹ lọ́ ọ dé 6.5 cm, ẹ tún tẹ 5 síta. Àwọn 4 tó kù, ẹ tẹ̀ wọ́n ní 9 cm.
3. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ, kí ìpele kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ìrísí yẹn ni ẹnikẹ́ni máa fi mọ̀ pé furúùtù ni.
4. Ẹ fi masking tape àti gọ́ọ̀mù wé ìdí rẹ̀, kí ẹ kùn ún ní eérú àti búráùn.
5. Ẹ ti ẹ̀ka bọ gọ́ọ̀mù, kí ẹ fọ́n ewé sórí rẹ̀ nìkan, kì í ṣe sí abẹ́.
6. Ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan pupa sí ewé díẹ̀ káàkiri, kí ẹ sì fọ́n díẹ̀ sílẹ̀. Ewé furúùtù máa ń pọ́n kó tó já.

*Àgbọn*

Àgbọn 10 m di 11.5 cm. Ẹ fi masking tape wé wáyà ìdì ní òrùka-òrùka, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Imọ̀ rẹ̀, ìyẹn ewé rẹ̀ tó gùn, ẹ gé bébà sí 3.5 cm sí 4 cm, ẹ ká a ní àárín ní gígùn, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ wínníwínní ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìnlá sí méjìdínlógún ló ń lọ sórí igi kan. Àwọn tòkè dúró, àwọn tìsàlẹ̀ rọ̀, méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá gbẹ, wọ́n sì di búráùn. Ẹni tó bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dúró ṣánṣán ti ṣe agbòòrùn, kò ṣe àgbọn.

*Koríko*

Ẹ tú òwú àpò kòkó, ẹ gé e sí 4 mm sí 11 mm. Èyí tó gùn jù ni ti ẹ̀kan tó ga tó mítà kan. Ẹ fi ìṣó lu ihò sí ilẹ̀, ẹ ti ìdí òwú bọ gọ́ọ̀mù, kí ẹ gbìn ín. Kó pọ̀ lẹ́bàá gọ́tà àti lẹ́yìn ìsọ̀, kó má sí lójú ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà.

5. Ìsọ̀, òpó iná, gọ́tà

Páànù ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Láàárín orí ìlà páànù gidi kan sí èkejì jẹ́ 76 mm. Ẹ pín in sí 87, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.9 mm. Bóòtì M5 gígùn (èyí tó fẹ̀ tó 5 mm), ìlà ara rẹ̀ jìnnà síra ní 0.8 mm, nítorí náà òun gan-an ni ẹ̀rọ yín.

1. Ẹ gé ìsàlẹ̀ abọ́ fọ́ìlì tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn tó nípọn.
2. Ẹ yí bóòtì M5 lórí rẹ̀ pẹ̀lú agbára, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá padà sẹ́yìn, ìlà á di méjì.
3. Ìlà náà á dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ẹ gé páànù yín ní ìbámu pẹ̀lú ìlà, ẹ má tẹ̀ lé etí fọ́ìlì.
4. Ẹ gé e sí 10 mm × 28 mm, kí ẹ tò ó kí ọ̀kan lé èkejì díẹ̀. Òrùlé tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kò jọ òótọ́.
5. Ẹ kun búráùn tó ṣú sí etí ìsàlẹ̀ àti ojú ìlà ìṣó, kí ẹ fi ọsàn díẹ̀ sí àárín rẹ̀. Páànù méjì kò gbọdọ̀ pọ́n bákan náà.

Ara ìsọ̀ jẹ́ páálí 1 mm: 3.4 cm ní gígùn, 2.8 cm ní fífẹ̀, 2.8 cm ní gíga. Ẹ kun inú àti ìta rẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí páálí tí a kun ojú kan rẹ̀ á ká. Tí ẹ bá fẹ́ dánfó níwájú rẹ̀, Wiking àti Herpa, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ kékeré, ti ṣe bọ́ọ̀sì Volkswagen T3 ní 1:87. Yẹ́lò ni ara dánfó, ìlà dúdú méjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́.

Òpó iná kékeré jẹ́ 8.54 m, ìyẹn 9.8 cm, ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀. Nítorí náà 8.2 cm ló máa hàn. Igi sùyà ló bá a mu. Ẹ fi òwú rọ́bà tín-ín-rín ṣe wáyà rẹ̀, torí ọwọ́ yín á kàn án dandan, rọ́bà á sì padà sípò. Ẹ má fà á le, wáyà wa kì í le.

Gọ́tà jẹ́ 7 mm ní fífẹ̀ àti jíjìn. Ẹ po dúdú mọ́ àwọ̀ ewé díẹ̀, ẹ fi kun ìsàlẹ̀, kí ẹ kun fáníìṣì tó ń dán tí wọ́n fi omi pò sí i lẹ́ẹ̀mẹrin, ọjọ́ kan láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Epoxy, ìyẹn ike olómi alápá méjì tó ń le tí a bá pò ó, náà dára, àmọ́ kó má jìn ju 3 mm lọ, kí ẹ wọn apá méjèèjì bí ike rẹ̀ ṣe sọ, kí ẹ má sì dà á lọ́jọ́ òjò, torí ojú rẹ̀ á funfun, á sì máa lẹ̀. Náílọ̀n píọ̀ wọ́tà: ẹ gé náílọ̀n funfun sí 2 mm, ẹ fi búlúù kán an lójú. Márùn-ún tó fún gọ́tà kan.

6. Wágọ́ọ̀nù: kó kọ́kọ́ rìn dáadáa, kí ẹ tó kùn ún

*Ìrìn rẹ̀*

1. Ẹ wọn àárín ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ méjèèjì lórí ọ̀pá kan. Ní HO, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 14.4 mm. Tó bá kéré tàbí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa já kúrò lórí irin níbi tí ojú irin ti yà.
2. Tí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ ike, ẹ fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Ike máa ń kó ìdọ̀tí, á sì fi pa ojú irin yín.
3. Wágọ́ọ̀nù tó ní bógì méjì (férémù oníkẹ̀kẹ́ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀): ẹ de síkúrù bógì kan kó lè yí, kó sì mì síwájú sẹ́yìn, àmọ́ kó má mì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tú ti èkejì díẹ̀ kó lè mì síbi gbogbo. Tí ẹ bá de méjèèjì le, kẹ̀kẹ́ kan á máa wà lókè lórí ibi tí kò tẹ́jú. Tí ẹ bá tú méjèèjì, á máa rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
4. Ẹ to wágọ́ọ̀nù gbogbo sẹ́yìn ara wọn, kí ẹ wo ìkọ́ wọn. Gíga wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ má fi òróró sí ìkọ́, lẹ́búlẹ́bú lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù ló tọ́ sí i.
5. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ìlànà NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, fún HO jẹ́ nǹkan bí 28 g, pẹ̀lú 14 g fún 25 mm kọ̀ọ̀kan ní gígùn. Wágọ́ọ̀nù 15 cm: 28 + (6 × 14) = 112 g.

Ibi tí ẹ ti máa rí ìwúwo ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe alignment àti balancing táyà. Èyí tí wọ́n yọ kúrò lára rímù ọkọ̀, wọ́n sábà máa ń kọ 5 g tàbí 10 g sí i lára, ẹ kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gé nǹkan. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ wágọ́ọ̀nù, ìdajì sórí bógì kan, ìdajì sórí èkejì. Tó bá jẹ́ òjé, ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọdé má sì mú un.

*Àwọ̀ rẹ̀*

1. Ẹ tú bógì kúrò. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ara rẹ̀, kó gbẹ mọ́jú. Òróró ọwọ́ ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú.
2. Ẹ fọ́n fáníìṣì tí kì í dán sí i. Ọ̀dà tí a ń bọ̀ wá kùn kì í dúró lórí ojú tó ń yọ̀.
3. Ẹ po àwọ̀ ara wágọ́ọ̀nù 1 mọ́ funfun díẹ̀ àti omi 5, kí ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí òrùlé àti òkè ẹ̀gbẹ́. Oòrùn wa máa ń ṣá àwọ̀ láti òkè wá.
4. Ẹ po búráùn tó ṣú 1 mọ́ omi 10 àti ọṣẹ ẹ̀kán kan. Ẹ kùn ún sí gbogbo ara, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó tutù fà á kúrò láti òkè wá sílẹ̀. Ọ̀nà tí òjò ń gbà ṣàn nìkan. Ẹ má fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ láé.
5. Ìpẹtà: ẹ fi ẹ̀mú di fóòmù kékeré, ẹ tì í bọ búráùn tó ṣú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ẹ tó fi kan etí, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti àkàbà. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ọsàn sí àárín díẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fi ọsàn bẹ̀rẹ̀ á rí wágọ́ọ̀nù tó ní ilẹ̀ẹ́gbóná.
6. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fi lẹ́búlẹ́bú yẹ̀pẹ̀ tí ẹ tọ́jú pa bógì àti 6 mm ìsàlẹ̀ ara. Ìyẹn ni ibi tí omi òjò máa ń ta ilẹ̀ dé. Àwọ̀ kan náà ni kó wà lára wágọ́ọ̀nù àti lórí ilẹ̀ pákó yín. Èyí ló ń jẹ́ kí méjèèjì di ara wọn.
7. Ẹ fọ́n fáníìṣì tí kì í dán sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nǹkan bí ìdajì lẹ́búlẹ́bú náà á pòórá lójú, nítorí náà ẹ fi púpọ̀ díẹ̀ sí i ṣáájú.
8. Ẹ kun ojú kẹ̀kẹ́ ní búráùn, ṣùgbọ́n ibi tó ń kan irin àti ṣóńṣó ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́.

Ìgbà tí ẹ máa fọ́n sípúréè ṣe pàtàkì. Láàárín aago 12 sí 3 ọ̀sán, lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀ tí kò sì ṣú. Tí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, fáníìṣì á funfun. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ha á. Ẹ dúró de ọjọ́ gbígbẹ, kí ẹ tún fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó sábà máa ń padà. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá: ẹ dé abọ́ lé e ní kété tí ẹ bá fọ́n ọn tán. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ bo imú.

Tí nǹkan bá ti bàjẹ́

- Òkúta ń tú: ẹ tún kán spirit àti gọ́ọ̀mù sí i, ẹ má tú ojú irin.
- Ẹ́ńjìnnì ń dúró lójijì: ẹ nu orí irin àti kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó fura sí wáyà.
- Èéhù: ẹ fi spirit nù ún, ẹ sá pákó sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí ẹ wá ibi tí ẹ kò dí.
- Wágọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló ń já: kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n. Tí gbogbo wọn bá ń já síbì kan, ojú irin ni.

Ìtọ́jú

Ẹ má fi náílọ̀n bo pákó náà. Ó máa ń làágùn lábẹ́ rẹ̀, èéhù á sì dé. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bò ó. Wágọ́ọ̀nù, ẹ kó wọn sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà. Kí ó má sí lẹ́bàá fèrèsé, torí oòrùn á tẹ ike rẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ gbé pákó sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tábìlì. Tí ẹ bá rí ìlà erùpẹ̀ ikán, ẹ gbé pákó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó lọ wá oògùn.